Ọ̀nà márùn-ún láti kọ́ iṣẹ́ bíríkìlà: èwo ló bá yín mu?

Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ bíríkìlà ní ilẹ̀ Yorùbá lónìí, tàbí òbí tó fẹ́ fi ọmọ rẹ̀ síbẹ̀, ọ̀nà márùn-ún ló wà níwájú rẹ̀. Ó lè lọ bá ọ̀gá. Ó lè wọ ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ti ìjọba, èyí tí gbogbo wa ń pè ní tẹ́kíníkà. Ó lè gba ẹ̀kọ́ oṣù díẹ̀ lọ́dọ̀ ITF tàbí NDE, àwọn àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń kọ́ni níṣẹ́. Bó bá ti mọ iṣẹ́ tẹ́lẹ̀, ó lè fi ohun tó mọ̀ gba NSQ, ìwé tó ń jẹ́rìí sí i pé èèyàn mọ iṣẹ́, tàbí kó jókòó fún trade test, ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́ ti ìjọba. Bó bá sì jẹ́ ará ẹnubodè, ó lè kọ́ ọ ní orílẹ̀-èdè Benin. Kò sí èyí tí kò wúlò nínú wọn, ṣùgbọ́n wọn ò jọra rárá, owó tí èèyàn san sí èyí tí kò bá a mu kì í sì í padà. Èrò mi ni pé ibi tí ẹ ti fẹ́ fi iṣẹ́ náà jẹun ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀. Ìyẹn ló máa sọ ibi tí ó yẹ kí ẹ ti kọ́ ọ.

Ohun tí a ó fi wọ̀n wọ́n

Owó ló ṣáájú. Kì í ṣe owó ìwọlé nìkan. Ẹ ka owó ọkọ̀, oúnjẹ, irinṣẹ́, kí ẹ sì ka owó tí ọmọ náà ì bá máa rí lójúmọ́ ká ní ó ń ṣe lébúrà. Irinṣẹ́ tí ọmọṣẹ́ ò lè ṣe kó má ní ni tróẹ̀lì, téèpù mítà 5, okùn, pílọ́ǹbù (okùn olójé tó ń fi hàn bóyá ògiri dúró ṣánṣán), lẹ́fẹ́ẹ̀lì (tó ń fi hàn bóyá nǹkan tẹ́jú), fúlóòtì ìrẹ́ògiri àti bàtà tó bo ọmọ ìka ẹsẹ̀ dáadáa.

Èkejì ni ìgbẹ́kẹ̀lé: ṣé ẹni tó bá wọlé á mọ iṣẹ́ dé òpin kó tó jáde? Iṣẹ́ bíríkìlà kọjá kí a máa to búlọ́ọ̀kù lérí ara wọn. Ẹni tó mọ̀ ọ́n lè ka pílánì ilé, ó lè sẹ́ẹ̀tì ilé sórí ilẹ̀ (ìyẹn, kó fi okùn àti páàtákó sàmì sí ibi tí ògiri máa wà), ó mọ ìpìlẹ̀, ó lè gbé igun ògiri dìde, ó mọ lẹ́ńtẹ̀ (kọ́ńkéré tó wà lókè ilẹ̀kùn àti fèrèsé) àti dẹ́kìn (kọ́ńkéré tó ya àjà kan sí èkejì), ó mọ ògiri rẹ́, ó sì lè ṣírò ohun tí iṣẹ́ á gbà. Ẹ jẹ́ ká wo méjì nínú ìwọ̀nyí fínnífínní, torí àwọn gan-an ni ọ̀pọ̀ ọmọṣẹ́ kì í mọ̀ tí wọ́n fi ń gba òmìnira.

Ẹ mú ilé tó gùn ní mítà 12, tó fẹ̀ ní mítà 9. Bí igun rẹ̀ bá gún régé, okùn tí a fà láti igun kan sí èyí tó kọjú sí i gbọ́dọ̀ jẹ́ mítà 15, ìkejì náà á sì jẹ́ 15 gẹ́lẹ́. Ìlànà 3, 4, 5 ni: mítà 3 níhà kan, 4 níhà kejì, 5 láàárín wọn, ní ìlọ́po mẹ́ta. Bí okùn kan bá jẹ́ 14.9, tí èkejì jẹ́ 15.1, ilé ti wọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 12 àti 9 ò yẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kankan. Ojú kò ní rí i nígbà tí wọ́n bá ń kọ́ ògiri. Ẹni tó ń lẹ táìlì ló máa kọ́kọ́ rí i, torí táìlì ẹ̀gbẹ́ ògiri á máa tín-ín-rín bó ṣe ń lọ, káfíńtà tó ń kan òrùlé á sì tẹ̀ lé e. Nígbà yẹn, kò sí àtúnṣe tí kò ní jẹ owó onílé.

Ìkejì nínú méjì tí mo ní ká wò ni ìṣirò. Búlọ́ọ̀kù 9 íńṣì gùn ní mílímítà 450, ó ga ní 225, ó sì nípọn ní 225. Bí àlàfo símẹ́ǹtì láàárín wọn bá jẹ́ mílímítà 25, ògiri tó jẹ́ mítà kan ní gíga àti mítà kan ní gígùn á gba búlọ́ọ̀kù bíi 8.4. Ṣùgbọ́n 10 ni gbogbo èèyàn fi ń ṣírò. Ìyókù wà fún èyí tó fọ́ nínú ọkọ̀ àti èyí tí a gé sí ẹnu fèrèsé. Lórí ògiri tó jẹ́ 100 irú mítà bẹ́ẹ̀, ìyàtọ̀ náà ń lọ sí 160 búlọ́ọ̀kù. Bíríkìlà tó bá mọ èyí lè sọ fún onílé pé búlọ́ọ̀kù rẹ̀ ń sọnù, ó sì lè gba iṣẹ́ ní iye búlọ́ọ̀kù láìpàdánù. Ẹ fi símẹ́ǹtì kún un: bí a bá pò ó ní òṣùwọ̀n símẹ́ǹtì 1 sí yanrìn 6, bágì kan máa ń to nǹkan bíi 50 sí 60 búlọ́ọ̀kù 9 íńṣì. Ẹni tó sọ pé òun fi bágì kan to 100 ti fi yanrìn dípò símẹ́ǹtì.

Ẹ̀kẹta nínú ohun tí a ó fi wọ̀n wọ́n ni ìwé ẹ̀rí, àti ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ẹ̀kẹrin ni ọjà iṣẹ́, òun ló sì yẹ ká dúró lé lórí díẹ̀.

Ọjà iṣẹ́ kò rí bákan náà káàkiri

Ní Èkó, pàápàá láti Lẹ́kkí dé Ìbẹ́jú, omi ò jìnnà sí orí ilẹ̀. Ráfítì (ìpìlẹ̀ pẹlẹbẹ tó tẹ́ sábẹ́ gbogbo ilé) àti páìlì (òpó tí a rì wọ ilẹ̀ lọ jìnnà) ló pọ̀ níbẹ̀, òpó àti bíìmù ló ń gbé ilé alájà, ògiri búlọ́ọ̀kù kàn ń dí àlàfo ni. Ilé iṣẹ́ ìkọ́lé ló ń gba èèyàn jù, fọ́mànù wọn sì ń béèrè ẹni tó lè ka àwòrán tí kò ní bi í léèrè lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Àjọ LASBCA ti ìjọba ìpínlẹ̀ náà lè wá fi èdìdì ti sáìtì bí iṣẹ́ kò bá bófin mu, ọjọ́ tí sáìtì bá sì wà ní títì, ẹni tó ń gba owó ojúmọ́ kò rí nǹkan. Owó iṣẹ́ ojúmọ́ ga ní Èkó ju ibòmíràn lọ, ṣùgbọ́n ilé gbígbé àti ọkọ̀ ń jẹ apá tó pọ̀ nínú rẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ láti Kùtọnu àti Tógò pọ̀ lórí sáìtì níbẹ̀, onílé sì fẹ́ràn wọn torí iṣẹ́ wọn mọ́, wọ́n sì ń parí rẹ̀. Kì í ṣe pé ọmọ Yorùbá kò lè ṣe é: ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wa ló fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀ lọ gun ọ̀kadà kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n tán. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí gan-an, torí owó ṣì wà nínú iṣẹ́ náà fún ẹni tó bá fara balẹ̀.

Ògùn yàtọ̀. Símẹ́ǹtì wà nítòsí, láti Ewékorò, Ṣàgámù àti Ìbèsè. Àgbàrá àti Ọ̀tà ní iṣẹ́ ilé ẹ̀rọ àti ilé ìkóǹkansí, Mowé àti Ìbafò sì kún fún ilé àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó: ilé ilẹ̀ẹ́lẹ̀ oníyàrá mẹ́ta, fẹ́ǹsì, sọkawéè. Irú iṣẹ́ yìí ń wá láìdáwọ́ dúró, ó sì dára fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira. Ní Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, onílé máa ń kọ́lé díẹ̀díẹ̀, ìpìlẹ̀ lọ́dún yìí, ògiri lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹnu aládùúgbò ló ń mú iṣẹ́ wá níbẹ̀, ẹni tí wọ́n bá mọ̀ pé kì í jí símẹ́ǹtì kì í jókòó. Èkìtì àti apá kan Oǹdó jẹ́ ilẹ̀ òkè àti àpáta. Ìpìlẹ̀ alátẹ̀gùn àti ògiri tó ń dá erùpẹ̀ dúró ni wọ́n ń béèrè fún, iṣẹ́ sì máa ń pọ̀ lẹ́yìn ìkórè kòkó àti nígbà tí àwọn ọmọ tó wà lókè òkun bá fi owó ránṣẹ́ kí ọdún tó parí.

Gbogbo ibẹ̀ ni òjò ti ń dá iṣẹ́ dúró, ó le jù ní oṣù Kẹfà àti Keje, ó tún padà ní oṣù Kẹsàn-án. Owó símẹ́ǹtì náà ń dá a dúró. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, bágì kan kọjá ₦10,000 ní ọ̀pọ̀ ibi, onílé púpọ̀ sì fi iṣẹ́ sílẹ̀ lójijì. Bíríkìlà tó mọ ògiri títò nìkan jókòó sílé. Èyí tó mọ táìlì, tó mọ ògiri rẹ́, tó lè ṣe àtúnṣe ilé tó ń jò, ó ń rí oúnjẹ jẹ. Ẹ fi èyí sọ́kàn bí ẹ bá ń wo ọ̀nà kọ̀ọ̀kan.

Lọ́dọ̀ ọ̀gá

Ọ̀nà yìí ló dàgbà jù. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn Àgùdà tó padà láti Brazil mú iṣẹ́ ìkọ́lé wá sí Èkó, ọmọ Èkó sì kọ́ ọ lọ́wọ́ wọn lórí sáìtì. João Baptista da Costa ló kọ́ Mọ́sáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894, Sanusi Aka sì bá a ṣe é. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣì rí dòní: ojú ni ọmọṣẹ́ fi ń kọ́ iṣẹ́, ọwọ́ á sì tẹ̀ lé e.

Ó máa ń gba ọdún méjì sí mẹ́rin, ó dá lórí ọjọ́ orí ọmọ àti bó ṣe yára sí. Owó tí a ń san wà lápá méjì: ti ìgbà tí a bá tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn, àti ti òmìnira. Iye náà yàtọ̀ láti ìlú dé ìlú, a sì lè dúnàá dúrà. Láàárín méjèèjì, ọ̀gá ń fún ọmọ ní owó oúnjẹ. Bí a bá fi owó nìkan wò ó, ọ̀nà yìí ló rọrùn jù fún ìdílé tí kò ní lọ́wọ́.

Àǹfààní rẹ̀ kò kéré. Ọmọ á mọ iṣẹ́ bó ṣe rí gan-an: yanrìn tó tutù, búlọ́ọ̀kù tí kò gún, onílé tó ń yí ọkàn padà, òjò tó wọ ìpìlẹ̀ ní òru. Ó tún ń mọ àwọn oníbàárà ọ̀gá, àwọn tó ń tẹ irin, káfíńtà àti oníbúlọ́ọ̀kù, àwọn tó máa pè é síṣẹ́ lọ́la.

Àléébù rẹ̀ ni pé gbogbo rẹ̀ rọ̀ mọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Bí ọ̀gá kò bá níṣẹ́, ọmọ ò kọ́ nǹkan. Bó bá jẹ́ ògiri rírẹ́ nìkan ni ọ̀gá ń gbà, òun nìkan ni ọmọ á mọ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ jù, tó sì burú jù, ni ọ̀gá tó sọ ọmọṣẹ́ di lébúrà ọ̀fẹ́: ọdún méjì, omi ló ń pọn, símẹ́ǹtì ló ń pò, okùn sẹ́tíńgì kò sì kan ọwọ́ rẹ̀ rí. Ìdí tí ọ̀pọ̀ fi ń sá ní ọdún kejì kò sì ṣòro láti mọ̀. Ọmọṣẹ́ ń wo lébúrà tó ń gba owó rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo, òun ń gba owó ẹ̀bà.

Nítorí náà, kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ lọ wo ilé méjì tí ọ̀gá náà kọ́, kí ọ̀kan ṣì wà lọ́wọ́. Ẹ mú igi gbọọrọ tó gún, tó gùn ní mítà 2, kí ẹ gbé e ti ògiri. Bí ìmọ́lẹ̀ tó hàn lábẹ́ rẹ̀ bá ju mílímítà 5 lọ, ọwọ́ rẹ̀ ò tíì mọ́. Ẹ wo àlàfo òró láàárín búlọ́ọ̀kù: kò gbọ́dọ̀ bọ́ sórí ara wọn láti ìlà kan dé ìlà kejì, torí ibẹ̀ gan-an ni ògiri ti ń là. Ẹ bi í pé ìlà mélòó ló ń tò lójúmọ́. Ìlà mẹ́fà, ìyẹn mítà kan àbọ̀, ló tó fún ògiri tútù. Ẹni tó bá gbé e dé lẹ́ńtẹ̀ ní ọjọ́ kan ń fi ìwúwo òkè tẹ símẹ́ǹtì ìsàlẹ̀ tí kò tíì le. Ẹ ṣọ́ bí wọ́n ṣe ń lo símẹ́ǹtì pípò. Bó bá ti pẹ́ ju wákàtí méjì lọ tí wọ́n sì bu omi sí i kó lè padà rọ̀, agbára rẹ̀ ti lọ. Kí ẹ sì bi í nípa nọ́ńbà tó wà lára bágì. Láti 2014 ni SON, àjọ ìjọba tó ń rí sí ojúlówó ọjà, ti ya símẹ́ǹtì sọ́tọ̀: 32.5 fún ògiri rírẹ́, 42.5 fún búlọ́ọ̀kù, òpó, bíìmù àti dẹ́kìn. Ọ̀gá tí kò mọ ìyàtọ̀ yìí kò ní lè kọ́ ọmọ yín.

Bó bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ má jẹ́ kí ìwé àdéhùn kàn sọ iye ọdún. Ẹ kọ ohun tí ọmọ gbọ́dọ̀ mọ̀ sínú rẹ̀: láàárín oṣù mẹ́fà, símẹ́ǹtì pípò ní òṣùwọ̀n àti ògiri rírẹ́, kí ọdún kan tó pé, títo búlọ́ọ̀kù lórí okùn láàárín igun méjì, lẹ́yìn oṣù 18, igun gbígbé fúnra rẹ̀, kó tó gba òmìnira, sẹ́tíńgì, lẹ́ńtẹ̀ àti ṣíṣírò iṣẹ́. Kí ẹnì kan láti inú ẹgbẹ́ àwọn bíríkìlà ìlú yín jẹ́ ẹlẹ́rìí, kí wọ́n máa dán an wò ní ìgbà kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá rere kò ní bínú sí i.

Tẹ́kíníkà ìjọba

Ọdún mẹ́ta ni, lẹ́yìn JSS 3. Ní Èkó, LASTVEB, àjọ ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ti ìpínlẹ̀ náà, ló ń bójú tó wọn: Àgídìngbì, Ìkòtún, Ìkòròdú, Adó-Ṣọbà àti Odòmọlà. Àwọn ìpínlẹ̀ yòókù náà ní tiwọn. Ìdánwò ìparí wọn wà lọ́wọ́ NABTEB, àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1992, ìwé ẹ̀rí náà sì ń jẹ́ NTC. Owó ilé ẹ̀kọ́ kò wọ́n, ṣùgbọ́n owó ìdánwò, aṣọ iṣẹ́ àti ọkọ̀ wà níbẹ̀, ọmọ kò sì ní rí owó kankan mú wálé fún ọdún mẹ́ta.

Ohun tí ọmọ á rí níbẹ̀ tí kò ní rí lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ ọ̀gá ni àwòrán ilé, ìṣirò, ìmọ̀ nípa ohun èlò àti Gẹ̀ẹ́sì. Bó bá ní kírẹ́díìtì tó yẹ, ó lè wọ pólì lọ kọ́ nípa ìkọ́lé, kó sì di ẹni tó ń darí sáìtì. Kò sí ọ̀nà mìíràn nínú márààrún tó ṣí ilẹ̀kùn yìí tààrà bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sòótọ́. Símẹ́ǹtì wọ́n, ọmọ sì pọ̀ ní kíláàsì. Ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́, ògiri tí wọ́n fi ń kọ́ṣẹ́ kì í ga, amọ̀ tàbí yanrìn lásán ni wọ́n fi ń tò ó, kí wọ́n lè wó o kí wọ́n sì tún lo búlọ́ọ̀kù náà. Ọmọ á mọ bí wọ́n ṣe ń tò ó, ṣùgbọ́n kò ní yára. Lórí sáìtì, wọ́n á retí kí bíríkìlà kan pẹ̀lú lébúrà rẹ̀ to bíi 100 sí 150 búlọ́ọ̀kù lójúmọ́, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní tẹ́kíníkà kì í sábà dé ìdajì rẹ̀ ní oṣù àkọ́kọ́. Àtúnṣe rẹ̀ ò le: gbogbo ọlidé gígùn, ẹ fi í sọ́dọ̀ ọ̀gá tó níṣẹ́ lọ́wọ́. Ọmọ tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta yóò jáde pẹ̀lú ìwé àti ọwọ́, irú wọn ni ilé iṣẹ́ ń wá lójú méjèèjì. Fún ọmọbìnrin tó fẹ́ iṣẹ́ yìí, tẹ́kíníkà ni mo máa kọ́kọ́ dábàá, torí olùkọ́ àti òfin ilé ẹ̀kọ́ wà láàárín òun àti ẹni tó bá fẹ́ yọ ọ́ lẹ́nu.

Ẹ̀kọ́ oṣù díẹ̀

ITF wà láti 1971, ibùdó ìkọ́ṣẹ́ ńlá rẹ̀ kan sì wà ní Ìkẹjà. NDE bẹ̀rẹ̀ ní 1986, ó ní ọ́fíìsì ní olú ìlú ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ó sì máa ń fi ọmọ sọ́dọ̀ ọ̀gá lábẹ́ ètò tirẹ̀. Oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà ni ọ̀pọ̀ ètò báyìí ń gbà. Nígbà mìíràn ọ̀fẹ́ ni, wọ́n á fún ọmọ ní owó ọkọ̀ àti irinṣẹ́ ní ìparí.

Oṣù mẹ́ta kò lè sọ ẹnikẹ́ni di bíríkìlà. Ó lè sọ ọ́ di olùrànlọ́wọ́ tó mọ orúkọ nǹkan, tó mọ ọ̀nà tí kì í fi ṣe ara rẹ̀ léṣe. Ètò náà kì í sì í ṣí nígbà gbogbo. Èèyàn lè forúkọ sílẹ̀ kó dúró títí. Ibi tó ti wúlò gan-an ni lọ́wọ́ ẹni tó ti níṣẹ́ tẹ́lẹ̀ tó fẹ́ fi ohun kan kún un: táìlì, interlocking, POP. Àpẹẹrẹ kan ni bíríkì alámọ̀ tó ń há mọ́ ara wọn, èyí tí NBRRI, ilé ìwádìí ìjọba nípa ìkọ́lé, ti ń ṣe ìwádìí lé lórí ní Ọ̀tà fún ọdún pípẹ́. Ilẹ̀ pupa ni wọ́n fi ń ṣe é, pẹ̀lú símẹ́ǹtì díẹ̀, wọ́n á fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́. Bíríkìlà tó bá mọ bí a ṣe ń tẹ́ ìlà àkọ́kọ́ rẹ̀ kó gún bí omi inú abọ́ kò ní alátakò púpọ̀, torí bí ìlà yẹn bá ṣẹ̀, kò sí símẹ́ǹtì láàárín tí a lè fi tún un ṣe.

NSQ àti trade test

Èyí kì í ṣe ibi ìkọ́ṣẹ́ rárá. Ibi tí a ti ń jẹ́rìí sí iṣẹ́ ni. NBTE, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, ló ń darí NSQ, ó sì wà ní ìpele ìpele. Ìwé ẹ̀rí náà lè ti ọwọ́ NABTEB wá, ó sì lè ti ọwọ́ CORBON, ìgbìmọ̀ àwọn kọ́lékọ́lé tó forúkọ sílẹ̀. Ẹni tó ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́wàá tí kò ní ìwé kankan kò ní padà sí kíláàsì. Olùyẹ̀wò á wá wo iṣẹ́ rẹ̀, á bi í léèrè, á sì kó ẹ̀rí jọ sínú fáìlì: fọ́tò iṣẹ́, ìwé láti ọ̀dọ̀ ẹni tó gbé iṣẹ́ fún un, àkọsílẹ̀ ohun tó ṣe níṣojú olùyẹ̀wò. Ohun tó ń dá àwọn èèyàn padà jù ni fáìlì yẹn. Ọ̀pọ̀ bíríkìlà kì í ya fọ́tò iṣẹ́ wọn àfi ìgbà tó bá parí, bẹ́ẹ̀ ohun tí olùyẹ̀wò fẹ́ rí ni irin ìpìlẹ̀ kí wọ́n tó da kọ́ńkéré, okùn sẹ́tíńgì lórí páàtákó, àti ìlà àkọ́kọ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ya fọ́tò láti òní, kí ọjọ́ sì hàn lórí rẹ̀.

Trade test ti Mínísítírì ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ (Labour) ti pẹ́ ju NSQ lọ. Gíréèdì 3 ló kéré jù, 1 ló ga jù. Ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ìjọba àti ilé iṣẹ́ ṣì ń béèrè rẹ̀ fún ipò oníṣẹ́ ọwọ́, nítorí náà kò tíì di ohun àtijọ́.

Owó wà níbẹ̀ fún ìforúkọsílẹ̀ àti àyẹ̀wò. Kí ẹ tó san án, ẹ bi ibùdó náà pé àjọ wo ló ń fọwọ́ sí ìwé wọn, kí ẹ sì lọ bi àjọ náà fúnra rẹ̀. Ibùdó tó bá ṣèlérí ìwé ẹ̀rí láìwo iṣẹ́ yín kàn ń ta bébà ni.

Ní Benin

Fún ẹni tó ń gbé ní Kétu, Pọbẹ, Ṣákétẹ tàbí Àjàṣẹ́, tàbí ní ìhà Nàìjíríà nítòsí Ìdírókò, ọ̀nà kan tún wà tí a kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀ tó. Benin ní CQP, ìwé ẹ̀rí tó so ọ̀dọ̀ ọ̀gá àti ilé ẹ̀kọ́ pọ̀ fún ọdún mẹ́ta: ọjọ́ tó pọ̀ jù nínú ọ̀sẹ̀, ọmọ wà lórí sáìtì, ìyókù, ó wà ní kíláàsì. CQM wà fún ọmọṣẹ́ tó ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá lọ́nà àtijọ́, ìdánwò rẹ̀ ló fi ń parí ìkọ́ṣẹ́. Bí mo bá ní kí n yan èyí tí ètò rẹ̀ dára jù nínú márùn-ún, CQP ni, torí ó mú àléébù ọ̀gá àti ti tẹ́kíníkà kúrò lẹ́ẹ̀kan náà, ìdí kan nìyí tí mo fi rò pé ọwọ́ àwọn tó ń ti Kùtọnu wá fi mọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ ọ, ọmọ gbọ́dọ̀ ti parí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìwé náà kò sì sí lára ohun tí ilé iṣẹ́ Nàìjíríà ń béèrè. Onílé ní Èkó kì í béèrè ìwé. Ilé iṣẹ́ ńlá ló ń béèrè.

Ta ni kí ó mú èwo

Ọmọ ọdún 15 tó mọ ìwé díẹ̀, tí òbí rẹ̀ lè bọ́ ọ fún ọdún mẹ́ta: tẹ́kíníkà, pẹ̀lú ọ̀gá ní gbogbo ọlidé. Mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ọ̀dọ́ ọdún 18 sí 25 tó nílò owó kíákíá, tó fẹ́ máa gba iṣẹ́ onílé ní Ìbàdàn, Abẹ́òkúta, Mowé tàbí Adó-Èkìtì: ọ̀dọ̀ ọ̀gá, pẹ̀lú ìwé àdéhùn tó sọ ohun tó gbọ́dọ̀ mọ̀ ní ìpele ìpele. Lẹ́yìn ọdún kan tó ti gba òmìnira, kó lọ gba NSQ ìpele 2. Ẹni tó fẹ́ ṣe Èkìtì tàbí Oǹdó gbọ́dọ̀ wá ọ̀gá tó ti ṣe ìpìlẹ̀ alátẹ̀gùn rí. Kó máà kọ́ṣẹ́ ní ilẹ̀ tó tẹ́jú pẹrẹsẹ kó wá máa fi ilé onílé kọ́ òkè.

Ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ ńlá ní Èkó tàbí ní Àgbàrá: ìwé kan pọn dandan, NTC, NSQ tàbí trade test. Ìwé náà ló máa gbé e dé ẹnu ọ̀nà sáìtì. Ìlà àkọ́kọ́ tó bá tò ló máa sọ bóyá yóò wà níbẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì.

Bíríkìlà àgbà tó ti ní ìdílé, tó mọ iṣẹ́ ṣùgbọ́n tí àwọn tó kéré sí i ń gba ipò fọ́mànù mọ́ ọn lọ́wọ́: NSQ nípasẹ̀ iṣẹ́ tó ti ṣe. Kó má padà lọ jókòó ní ilé ẹ̀kọ́. Bí kíka àwòrán bá ṣòro fún un, kó wá akẹ́kọ̀ọ́ pólì kan kó máa kọ́ ọ ní ìrọ̀lẹ́.

Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ti dúró nítorí owó símẹ́ǹtì: ẹ̀kọ́ oṣù díẹ̀ ní táìlì tàbí interlocking, ní àsìkò òjò tí sáìtì ò yá. Iṣẹ́ méjèèjì ń lọ nínú ilé àti lórí ilẹ̀ tí wọ́n ti kọ́ tẹ́lẹ̀.

Ẹni tó ní i lọ́kàn láti fi iṣẹ́ yìí lọ sí Britain kò gbọ́dọ̀ rò pé NTC tàbí NSQ á gbé e wọ sáìtì níbẹ̀ tààrà. Káàdì CSCS ni ọ̀pọ̀ sáìtì ibẹ̀ ń béèrè. Èyí tó wà fún oníṣẹ́ ọwọ́ nílò NVQ ìpele 2, ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ ọwọ́ ti ibẹ̀, àti ìdánwò ààbò tí wọ́n ń ṣe lórí kọ̀ǹpútà. Wọ́n máa ń yẹ ẹni tó mọ iṣẹ́ wò lórí sáìtì fún NVQ náà, bíríkì kéékèèké tó ga ní mílímítà 65 ni wọ́n sì ń tò níbẹ̀, àlàfo wọn kò ju mílímítà 10 lọ. Kí ẹni náà ti máa fi bíríkì dán ọwọ́ wò nílé, torí ọwọ́ tó ti mọ àlàfo 25 nìkan kì í tètè mọ 10.